Níbo Ni Ọmọ Tó Fẹ́ Ka Jíìnì Yóò Ti Kọ́ṣẹ́?

Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń ṣe ìwádìí jíìnì ènìyàn, ì báà jẹ́ ní Tokyo, ní Seattle tàbí ní Jámánì, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta yìí síwájú rẹ̀: YRI. Yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Yorùbá Ìbàdàn ni ó dúró fún. Nígbà tí iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, DNA ènìyàn 270 ni àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò láti Japan, Ṣáínà, Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀dá ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá tó ń gbé Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan látinú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní Coriell Institute, ní ìlú Camden ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ibẹ̀ sì ni àwọn láàbù káàkiri ayé ti ń béèrè fún un. Kí ọdún 2008 tó parí, wọ́n ti ka odidi DNA ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà. Ó wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún láyé.

Mo ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń múra ìdánwò JAMB, tó ní ìwádìí jẹnẹ́tíìsì lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Àǹtí, ṣé ibi tí ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ lèmi náà gbọ́dọ̀ lọ kí n tó mọ̀ ọ́n kà?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè, tí mo sì ń wo ilé ẹ̀kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn òbí wa mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀gá fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ aṣọ rírán. Wọn kì í tìtorí pátákó tó wà níta mú ọmọ wá. Wọ́n á wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fọwọ́ kan aṣọ tó wà lára ìkọ́, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àbí eruku ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n á béèrè pé mélòó ló ti gba fírídọ̀ọ̀mù níbẹ̀, àti pé níbo ni wọ́n wà báyìí. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ yunifásítì, òbí kan náà yìí, pátákó ni yóò wò. Ìwádìí jẹnẹ́tíìsì, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ DNA látinú ẹ̀jẹ̀ tàbí látinú ewé, tí kò tíì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tún un ṣe, kí ó tún bàjẹ́, kí ó tó wá mọ ibi tí àṣìṣe wà, kò tíì wọ inú iṣẹ́ náà, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ pọ̀ tó. Nítorí náà, bí ẹni tó ń wá ọ̀gá fún ọmọ ni mo ṣe wo gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ mẹ́nu bà yìí.

Orúkọ ẹ̀ka ló kọ́kọ́ ń ṣi ọmọ lọ́nà. Ní Yunifásítì Èkó, ẹ̀ka kan wà tó ń jẹ́ Cell Biology and Genetics, ọ̀rọ̀ náà sì hàn gbangba lójú ìwé JAMB. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, abẹ́ orúkọ mìíràn ni ó farapamọ́ sí: abẹ́ ẹ̀kọ́ ẹranko, abẹ́ ẹ̀kọ́ ewéko, abẹ́ ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, abẹ́ ìṣègùn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka Biochemistry and Molecular Biology ni ẹ ó ti bá a. Ọmọ tó bá ń wá ọ̀rọ̀ "genetics" nìkan yóò gba iwájú ilé náà kọjá láìmọ̀.

Ẹ wo àwọn tó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Olufunmilayo Olopade kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó kọjá sí Chicago. Níbẹ̀ ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ pinpin ìdí tí jẹjẹrẹ ọmú fi ń mú àwọn obìnrin tó ní ìran Áfíríkà ní kékeré, àti ipa tí jíìnì ń kó nínú rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀bùn MacArthur dá a lọ́lá ní ọdún 2005. Charles Rotimi ní tirẹ̀, Biochemistry ló kọ́kọ́ kà, ní Yunifásítì Benin. Òun ló di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jẹnẹ́tíìsì ènìyàn ní Áfíríkà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Segun Fatumo gba ojú kọ̀ǹpútà wọlé, Covenant University ní Ọ̀tà ló sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, inú ilé kan náà. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọmọ tí ń sunkún pé àwọn ò rí ẹ̀ka tó ní "genetics" lórúkọ wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ nu omijé yín nù.

Ohun tó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ ni irú ìbéèrè tí kì í jẹ́ kó sùn. Ṣé àìsàn ènìyàn ni? Ṣé kòkòrò àrùn bíi Lassa àti Ebola? Ṣé ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, iṣu? Ṣé adìyẹ àti màlúù? Àbí kọ̀ǹpútà tó ń to òbítíbitì lẹ́tà DNA ló dùn mọ́ ọn? Ilé ẹ̀kọ́ tó dára fún ọ̀kan lè jẹ́ aṣálẹ̀ fún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ede, ibi tí Redeemer's University wà. Nígbà tí ọkùnrin kan gbé Ebola wọ Èkó nínú bàálù ní oṣù Keje ọdún 2014, àwọn onímọ̀ Redeemer's University wà lára àwọn tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni lóòótọ́. Christian Happi ni aṣáájú wọn, ibùdó tó ń darí ni ayé sì mọ̀ sí ACEGID. Nígbà tó di ìparí oṣù Kejì ọdún 2020, tí àyẹ̀wò fi hàn pé àjèjì kan ti gbé kòrónà wọ Nàìjíríà, Ede ni wọ́n gbé àpẹẹrẹ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ka odidi jínóòmù kòkòrò náà, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé: àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ rò ó wò. Ìlú Tìmì Àgbàlé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún ìlù dùndún, ni wọ́n ti kà á. Òye tí ọmọ tó bá wà nínú láàbù yẹn lọ́jọ́ náà rí gbà kò sí nínú ìwé kankan: bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìlú ń dúró de èsì, bí wọ́n ṣe ń yẹ èsì ara wọn wò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta kí wọ́n tó la ẹnu.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ohun méjì. Àwọn tó ń ka oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé ni ibùdó náà ń tọ́ jù lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìn-ín-ní kò ní bá ẹ̀rọ náà pàdé lọ́jọ́ tó dé. Ìkejì, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni, owó rẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a lè kẹ́kọ̀ọ́ gboyè àkọ́kọ́ níbòmíràn, kó wá fi Ede ṣe ibùsọ̀ kejì. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ọ̀nà tó gún jù.

Ìbàdàn ńkọ́? Yunifásítì tó ti wà láti ọdún 1948, tí ilé ìwòsàn UCH sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ohun tí owó kì í rà: àwọn aláìsàn tí ìtàn wọn ti wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti àwọn dókítà tó mọ̀ wọ́n. Adeyinka Falusi lo ayé rẹ̀ níbẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ àti fòníkú-fọ̀láǹde, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 2001. Ibẹ̀ náà ni Mayowa Owolabi ti darí ìwádìí SIREN, èyí tó wá jíìnì tó lọ́wọ́ nínú àrùn rọpárọsẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀láǹde yìí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò. Kò sí òbí Yorùbá lónìí tí kò mọ AA, AS àti SS. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kì í so ọkọ pọ̀ mọ́ aya bí ìwé jẹnotáìpù kò bá sí lórí tábìlì. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn náà jù lọ ní gbogbo ayé. Síbẹ̀, nígbà tí ìtọ́jú tó ń tún jíìnì ṣe, Casgevy, jáde, Bìrìtìkó ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá, iye tí wọ́n sì dá lé e ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Ìyá tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn, níbo ni yóò ti rí i? Ọmọ tó bá fẹ́ fi ayé rẹ̀ wá èyí tí apá wa ká, ìdí wà fún un láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn aláìsàn náà wà, kó mọ ojú wọn kó tó mọ jíìnì wọn.

Fún ẹni tí ohun ọ̀gbìn wù, Ìbàdàn tún ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. IITA kì í fúnni ní oyè, àmọ́ ó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọlé láti ṣe ìwádìí wọn. Ọdún 2012 ni wọ́n wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá yunifásítì Cornell ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ nínú iṣẹ́ tó ń jẹ́ NextGen Cassava. Látijọ́, ẹni tó ń ṣe ìmúdára irúgbìn ẹ̀gẹ́ yóò gbìn ín, yóò dúró kó ta, yóò wú u, yóò wọ̀n ọ́n, yóò tún un gbìn, ọdún á sì máa gorí ọdún. Ní báyìí, wọ́n lè yẹ DNA ewé kékeré wò, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò èyí tó ṣeé ṣe kó ta dáadáa, kí wọ́n sì yan òbí ìran tó kàn láìdúró de gbogbo ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ èyí ní IITA lẹ́bàá Mọ́níyà, ibi tí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ń gbà kọjá, ti kọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Cornell.

Ní Abẹ́òkúta, yunifásítì àgbẹ̀ FUNAAB ní odidi ẹ̀ka kan fún ìbísí àti jẹnẹ́tíìsì ẹranko. Adìyẹ FUNAAB Alpha, tí àwọn àgbẹ̀ ń sìn kiri báyìí, ibẹ̀ ló ti jáde, láti ara adìyẹ ìbílẹ̀ wa. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria jìnnà sí ilé fún ọmọ Yorùbá, àmọ́ ibùdó ìwádìí àgbẹ̀ rẹ̀ ló gbé ẹ̀wà SAMPEA 20-T jáde. Jíìnì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò Maruca jẹ páádi rẹ̀, wọ́n sì gbà á láàyè fún títà ní ọdún 2019. Covenant ní Ọ̀tà ni mo máa darí ọmọ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà sí. Ezekiel Adebiyi ti kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti fi ìṣirò wá ohun tó ń lọ nínú kòkòrò ibà.

Ìṣòro ilé kò ṣeé fi pamọ́. Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ! Ìwé lè dúró dè ọ́ lórí pẹpẹ. Irúgbìn kì í dúró, sẹ́ẹ̀lì inú àwo kì í dúró, eṣinṣin èso tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí á ti bímọ, á ti kú. Iná mànàmáná ni ìkejì. Fìríìsà tí wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ sí gbọ́dọ̀ tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, nǹkan bí ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ìbátan mi kan ti ń ka oyè kejì. Iná lọ lópin ọ̀sẹ̀, dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀jẹ̀ tó fi oṣù mọ́kànlá gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti abúlé dé abúlé ti yọ́, ó ti bàjẹ́. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yẹn kò jàǹfààní kankan. Ó dùn mí títí di òní, kì í ṣe nítorí oyè tó falẹ̀, bí kò ṣe nítorí àwọn ìyá arúgbó tó na apá wọn sílẹ̀ fún un.

Bí ọmọ bá fẹ́ kúrò nílé láìkúrò ní Áfíríkà, yunifásítì tó wà ní Legon ní Ghana kò jìnnà. Ibùdó WACCI níbẹ̀, tí Eric Danquah dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ń kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní oyè ọ̀mọ̀wé nípa ìmúdára irúgbìn, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ lára àwọn tó ti jáde níbẹ̀. Yunifásítì Cape Town lágbára lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: ibẹ̀ ni Nicola Mulder ti darí ẹgbẹ́ H3ABioNet, tó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń ka dátà jíìnì.

Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń béèrè, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun kan náà. Ìtàn Bìrìtìkó lórí iṣẹ́ yìí gùn. Ní Cambridge ni Watson àti Crick ti mọ bí DNA ṣe rí ní ọdún 1953, ní Leicester ni Alec Jeffreys ti rí ọ̀nà láti fi DNA dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ ní ọdún 1984, ní Roslin lẹ́bàá Edinburgh ni wọ́n ti bí àgùntàn Dolly ní ọdún 1996. Sanger Institute ní Hinxton ń gba akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, Cambridge sì ni oyè náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń lọ kà níbẹ̀ ni oyè kejì olódún kan. Owó gọbọi ni, oṣù díẹ̀ péré ló sì ń ṣẹ́kù fún iṣẹ́ láàbù nígbà tí kíláàsì bá parí. Ẹni tó bá ti ní ọgbọ́n ọwọ́ láti ilé lè fi oṣù díẹ̀ yẹn ṣe ohun rere. Ẹni tí kò bá ní i yóò kàn rí ìwé-ẹ̀rí gbà. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó bá lọ fún irú oyè onílẹ́kíṣọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó lọ fún oyè ìwádìí ló ṣì lè ṣe é. Tọkọtaya tó ń ta ilẹ̀ nítorí ìrìn-àjò yìí, ẹ rò ó dáadáa.

Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ọmọ tó ní oyè àkọ́kọ́ tó dára lè wọ ètò oyè ọ̀mọ̀wé tààrà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni, àmọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá, wọn kì í sábà gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún ń san owó oúnjẹ fún un. Ní ọdún àkọ́kọ́, yóò ṣiṣẹ́ ní láàbù bíi mẹ́ta, oṣù díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó yan ọ̀gá tí yóò dúró tì. Inú mi dùn sí ètò yìí, nítorí ó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ náà wo ọ̀gá wò. Ìdènà kan wà tí wọn kì í sọ sókè: owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn yunifásítì, T32, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà àti àwọn tó ní gíríìnì káàdì nìkan ló wà fún. Ètò tó bá gbára lé owó yẹn lè má ní àyè púpọ̀ fún àjèjì. Ó yẹ kí ọmọ béèrè pé àjèjì mélòó ni wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá, kó tó san owó fọ́ọ̀mù.

Nílé tàbí lókè òkun, ìbéèrè kan wà tó ń fi inú ọ̀gá hàn: orúkọ ta ló ń ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ tó bá ti láàbù náà jáde? Bí ọ̀gá kan bá ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ní Ṣakí tàbí ní Ìkirè fún ọdún mẹ́wàá, tí kò sí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó ṣáájú, alábàárù ló ń fi wọ́n ṣe, kì í ṣe onímọ̀. Nítorí irú èyí ni ètò ìwádìí jíìnì tó ń jẹ́ H3Africa ṣe wáyé. NIH ti Amẹ́ríkà àti Wellcome ti Bìrìtìkó fi owó sí i fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, títí di 2022, kí àwọn ọmọ Áfíríkà lè darí ìwádìí náà fúnra wọn, kí dátà má kàn máa kọjá lọ. Owó náà ti tán. Àwọn tó kọ́ nínú rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, ní Ede, ní Accra, àwọn gan-an sì ni ọ̀gá tí mò ń wí.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sin òun lọ sí láàbù kan ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wa. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ka oyè kejì ló gbà wá. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ta ló ń mọ̀?" Ọ̀dọ́kùnrin náà kò dáhùn. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ fìríìsà, ó tú okùn tí wọ́n fi so ìwé kékeré kan mọ́ ọn, ó gbé e fún un. Ìwọ̀n otútù ló wà nínú rẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ náà ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọjọ́ Kérésìmesì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Iléyá wà níbẹ̀. Gbogbo oṣù mẹ́jọ ìyanṣẹ́lódì wà níbẹ̀, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló sì ń tẹ̀ lé ara wọn lójú ewé, ẹni kan kò fo ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà tá a délé, ó jókòó ti fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà ló sì kọ síwájú.